Àyè yunifásítì tó dúró de èsì àti èyí tí kò dúró de èsì: èwo ló yẹ kí ọmọ yín mú?

Ọmọ tó ń ṣe A-level, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, nílùú Ọba lè fi orúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ márùn-ún nípasẹ̀ UCAS, àjọ tó ń gba fọ́ọ̀mù ìwọlé sí yunifásítì. Tí ìdáhùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti àwọn yunifásítì, oríṣi lẹ́tà ayọ̀ méjì ló wà. Ọ̀kan á ní, a gbà ọ́, tí o bá lè mú AAB, ìyẹn A méjì àti B kan, wá lóṣù kẹjọ. Èkejì á ní, a gbà ọ́, á sì parí síbẹ̀. Èkejì yìí ni àwọn ọmọ ń pè ní unconditional offer. Níhìn-ín, mo máa pe ti àkọ́kọ́ ní àyè tó dúró de èsì, mo sì máa pe èkejì ní àyè tí kò dúró de èsì.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí Yorùbá tó wà níbí ló ti jẹ ìyà JAMB rí. A mọ ẹni tó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó wọlé. A mọ ẹni tí máàkì rẹ̀ pé, tí wọ́n sì fún un ní ẹ̀kọ́ tí kò béèrè. Irú wa kò lè rí lẹ́tà tó sọ pé àyè ti wà láìwo èsì kankan kí inú wa má dùn. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bí a bá ń yọ̀ náà, ó yẹ ká ka lẹ́tà dé ìparí.

Kí n tètè sọ èrò tèmi. Àyè tí kò dúró de èsì dára púpọ̀ ní ipò kejì, ìyẹn èyí tí ọmọ mú dání tí ti àkọ́kọ́ kò bá bọ́ sí i. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ó léwu ní ipò kìn-ín-ní, ìyẹn èyí tí ọmọ yàn ṣáájú. Mo máa ṣàlàyé ìdí rẹ̀, mo sì máa sọ irú ọmọ tí ọ̀rọ̀ mi kò bá wí.

| | Àyè tó dúró de èsì | Àyè tí kò dúró de èsì |
|---|---|---|
| Ìgbà tí àyè di ti ọmọ | Ọjọ́ èsì A-level, lóṣù kẹjọ | Ọjọ́ tí ọmọ bá ti gbà á |
| Àyè kejì tí ọmọ lè mú dání | Ó lè mú ẹyọ kan | Kò sí, tó bá fi èyí ṣe ipò kìn-ín-ní |
| Ohun tó lè ba nǹkan jẹ́ | Máàkì tí kò pé | Ọwọ́ tó dẹ̀ nídìí ìwé, tàbí ẹ̀kọ́ tí ọkàn ọmọ kò sí níbẹ̀ |
| Ẹni tó bá mu jù | Ọmọ tó mọ ohun tó fẹ́, tó sì ń kàwé déédéé | Ọmọ tí èsì rẹ̀ ti wà lọ́wọ́, tàbí tí àìlera ń bá fínra |

Àwọn tí kò sí àríyànjiyàn lórí wọn

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé irú lẹ́tà yìí ló tọ́ sí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti gba èsì A-level rẹ̀, tó sinmi fún ọdún kan kó tó fi orúkọ sílẹ̀, kí ni wọ́n tún fẹ́ dúró dè lọ́wọ́ rẹ̀? Bákan náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ní Scotland. Wọ́n máa ń ṣe Highers, ìdánwò tiwọn, ní ọdún karùn-ún sẹ́kọ́ńdírì, èsì á ti jáde kí wọ́n tó kọ fọ́ọ̀mù UCAS ní ọdún kẹfà. Tí ẹ bá ní ẹbí ní Glasgow tí ọmọ wọn rí àyè tí kò dúró de èsì, ẹ má fi wé ti ọmọ yín ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí ìwé tiwọn ti pé kí tiyín tó bẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà tó ń padà sí ilé-ìwé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ náà wà lára wọn.

Ọmọ ọdún 17 tàbí 18 tó ṣì wà ní kíláàsì, tí ìdánwò rẹ̀ wà níwájú, ni àwọn òbí ń jiyàn lé lórí.

Bó ṣe di ọ̀rọ̀ ìjọba

Ní 2013, UCAS ka 2,985 irú àyè bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ ọdún 18 láti Ẹ́ńgláǹdì, Wales àti Northern Ireland. Nígbà tó fi máa di 2018, ó ti di 67,915. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ ṣàdédé mọ̀wé sí i. Ìjọba ti mú òdiwọ̀n tó wà lórí iye akẹ́kọ̀ọ́ tí yunifásítì Ẹ́ńgláǹdì lè gbà kúrò ní 2015. Iye àwọn ọmọ ọdún 18 ń lọ sílẹ̀ nígbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sì ń mú tó £9,250 wọlé lọ́dún láti 2017. Àwọn yunifásítì wá ń du ọmọ mọ́ra wọn lọ́wọ́ bí ọlọ́jà ṣe ń du oníbàárà.

Èyí tó bí àwọn òbí nínú jù ni ẹ̀yà kan tó máa ń sọ fún ọmọ pé: a ò ní dúró de èsì rẹ mọ́, àmọ́ àfi tí o bá fi wá ṣe ipò kìn-ín-ní. Tí ọmọ bá fi wọ́n sí ipò kejì, wọ́n á padà béèrè máàkì. Damian Hinds, tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, kọ̀wé sí yunifásítì 23 lóṣù kẹrin ọdún 2019 pé kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀. Office for Students, àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì ní Ẹ́ńgláǹdì, fi òfin dè é láti oṣù keje ọdún 2020 títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Ní 2022, Universities UK, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì, gbé ìlànà kan jáde. Àwọn yunifásítì tó fọwọ́ sí i ṣèlérí pé àwọn ò ní lo ẹ̀yà yẹn mọ́, àti pé àwọn á fi àyè tí kò dúró de èsì mọ sọ́dọ̀ ẹni tí èsì rẹ̀ ti pé, ẹni tí àìsàn tàbí àìlera ara mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, àti ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọnà, tí wọ́n ti wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tàbí tí wọ́n ti ní kó kọrin lójú àwọn.

Nítorí náà, irú lẹ́tà yìí ti dín kù púpọ̀. Tí ọ̀kan bá dé ọ̀dọ̀ ọmọ yín lónìí, tí kò sì sí nínú àwọn tí mo kà sílẹ̀ yìí, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ yunifásítì náà. Ìbéèrè tó tọ́ ni, kò sì sí ìwọ̀sí nínú rẹ̀.

Ohun tí àwọn òbí ń sọ

Òbí tó fara mọ́ ọn máa ń sọ̀rọ̀ ìfọ̀kànbalẹ̀. Ọdún tí ọmọ ń ṣe A-level kì í ṣe ọdún eré. Ọmọ ń jí lóru, oúnjẹ kò wù ú jẹ, ilé gbogbo ń rìn jẹ́jẹ́ nítorí rẹ̀. Tí lẹ́tà kan bá lè mú ìnira yẹn kúrò, kí ló dé tí a ó kọ̀ ọ́? Wọ́n tún ní ẹ̀rí ọdún 2020. Kòrónà kò jẹ́ kí ìdánwò wáyé lọ́dún náà. Nígbà tí èsì jáde lọ́jọ́ 13 oṣù kẹjọ, ìlànà ìṣirò tí ìjọba lò ti gé nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn máàkì A-level tí olùkọ́ fi sílẹ̀ ní Ẹ́ńgláǹdì kù. Ọjọ́ 17 ni ìjọba yí ohùn padà, tí wọ́n sì gba máàkì àwọn olùkọ́. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yẹn, òbí tí ọmọ rẹ̀ ní àyè tí kò dúró de èsì rí oorun sùn. Àwọn yòókù ń pe yunifásítì láti àárọ̀ di alẹ́.

Òbí tí kò fara mọ́ ọn máa ń sọ̀rọ̀ ọwọ́ tó dẹ̀. Ọmọ tó mọ̀ pé òun ti wọlé lóṣù kejì, ta ló máa lé e wọ yàrá lọ kàwé lóṣù karùn-ún? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àbá lásán. UCAS fúnra wọn rí i pé àwọn ọmọ tó mú àyè tí kò dúró de èsì sábà máa ń já sílẹ̀ ní ìpele méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí máàkì tí olùkọ́ sọ tẹ́lẹ̀ fún wọn, ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí máàkì ń dúró dè lọ. Ní 2019, Office for Students rí i pé láàárín àwọn tó gba irú àyè yìí wọlé pẹ̀lú A-level, iye àwọn tó ń bá ẹ̀kọ́ lọ sí ọdún kejì fi ìdá 0.4 sí 1.1 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí bó ṣe yẹ kó rí. Ìyàtọ̀ náà kò tóbi, mi ò sì fẹ́ fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń dùn mí nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní ọdún kìn-ín-ní ti jẹ gbèsè owó ilé-ìwé ọdún yẹn kó tó lọ.

Ẹgbẹ́ kẹta tún wà, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn dà bí ìdẹ lójú wọn. Wọ́n ní yunifásítì tó dára kì í bẹ ọmọ. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn pátápátá. Yunifásítì ti Birmingham, tó wà lára àwọn yunifásítì ńlá, ni ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2013 fún àwọn ọmọ tí olùkọ́ gbé máàkì gíga fún, kí wọ́n tó padà jáwọ́. Irú lẹ́tà náà nìkan kò sọ bí ilé-ìwé ṣe rí. Ẹ wo ẹ̀kọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ yín.

Ipò kìn-ín-ní àti ipò kejì

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù, nítorí ibẹ̀ ni kò tíì yé ọ̀pọ̀ òbí.

Nígbà tí gbogbo ìdáhùn bá ti dé, ọmọ máa yan ọ̀kan ní ipò kìn-ín-ní, èyí tí UCAS ń pè ní firm. Tí ọ̀kan yẹn bá dúró de èsì, ó láǹfààní láti mú òmíràn ní ipò kejì, ìyẹn insurance, kí ibẹ̀ gbà á tí máàkì kò bá pé fún ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àyè tí kò dúró de èsì ló fi sí ipò kìn-ín-ní, ipò kejì kò sí mọ́. Gbogbo àyè yòókù á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ti di ti yunifásítì yẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọbìnrin kan fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin. Yunifásítì tó wù ú ní kó mú AAB wá. Yunifásítì mìíràn, tí kò sí ní òkè lọ́kàn rẹ̀, ti fún un ní àyè tí kò dúró de èsì. Tó bá fi èyí tó wù ú sí ipò kìn-ín-ní, tó fi èkejì sí ipò kejì, kí ló pàdánù? Tí AAB bá dé lóṣù kẹjọ, ó lọ síbi tó fẹ́. Tó bá jẹ́ BBC ló dé, àyè kan ṣì ń dúró dè é. Kò sí ọ̀nà tó fi lè wà nílé láìríbi lọ. Ó ní ìfọ̀kànbalẹ̀ tí òbí àkọ́kọ́ ń wá, ó sì tún ní ìdí láti kàwé tí òbí kejì ń wá.

Tó bá wá yí i padà, tó fi èyí tó dájú sí ipò kìn-ín-ní, tó sì mú AAB lóṣù kẹjọ ńkọ́? Yunifásítì tó wù ú kò mọ̀ ọ́n mọ́. Tẹ́lẹ̀, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Adjustment fún ọmọ tí èsì rẹ̀ ju ohun tí wọ́n béèrè lọ, àmọ́ UCAS ti fòpin sí i láti 2022. Ohun tó kù ni Clearing, ètò tí wọ́n fi ń pín àwọn àyè tó ṣẹ́ kù. Láti 2019, ọmọ lè fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnì lórí UCAS láti yọ̀ǹda àyè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè wọ Clearing, ṣùgbọ́n tó bá ti tẹ̀ ẹ́, àyè àkọ́kọ́ ti lọ nìyẹn. Àwọn ẹ̀kọ́ tí gbogbo ayé ń lé kì í sì í sábà sí nínú Clearing. Kó má tẹ̀ ẹ́ láéláé àfi tí yunifásítì mìíràn bá ti sọ fún un pé àwọn máa gbà á.

Ìdí nìyí tí ẹ̀yà tó ń ní "àfi tí o bá fi wá ṣe ipò kìn-ín-ní" fi burú lójú mi. Ohun tó dára jù nínú àyè tí kò dúró de èsì ni pé ó lè ṣe ààbò ní ìsàlẹ̀. Àwọn tó ń lo ẹ̀yà yẹn gba ààbò yẹn kúrò, wọ́n sì fi ìfọ̀kànbalẹ̀ bo ojú òbí. Lónìí, ẹ ṣọ́ra fún ìbátan rẹ̀: máàkì tí wọ́n dín kù, tàbí ẹ̀bùn owó, tó jẹ́ pé ẹni tó bá fi wọ́n ṣe ipò kìn-ín-ní nìkan ló ń rí i gbà. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ímeèlì bóyá ohun tí wọ́n fún ọmọ yín á dúró bẹ́ẹ̀ ní ipò kejì.

Àbùkù kan wà nínú ọ̀nà tí mo fara mọ́ yìí. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló jẹ́ pé ẹni tó fi wọ́n ṣe ipò kìn-ín-ní nìkan ni wọ́n ń fi yàrá dá lójú. Ọmọ tó bá balẹ̀ sí ipò kejì lè máa wá ilé gbé lóṣù kẹsàn-án.

Máàkì tí olùkọ́ sọ tẹ́lẹ̀

Máàkì tí olùkọ́ rò pé ọmọ máa mú ni gbogbo lẹ́tà wọ̀nyí dúró lé, kì í sì í sábà bá a mu. Ìwádìí tí Gill Wyness ti University College London gbé jáde ní 2016 fi hàn pé ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ni máàkì A-level wọn bá àsọtẹ́lẹ̀ mu géẹ́. Ìdá 75 ni olùkọ́ sọ tiwọn ga ju bó ṣe rí lọ. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọmọ tó mọ̀wé gan-an, àwọn tí ilé wọn kò rí jájẹ ni olùkọ́ sábà máa ń fojú kéré ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Tí ẹ bá mọ̀ pé ọmọ yín ń ṣe dáadáa ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ, ẹ lọ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ kí fọ́ọ̀mù tó lọ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹ sì béèrè bóyá ọmọ yín lẹ́tọ̀ọ́ sí máàkì tí wọ́n ń dín kù nítorí àdúgbò tàbí ilé-ìwé tí ọmọ ti wá. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ńlá ló ní irú ètò yìí. Lójú tèmi, ó sàn ju àyè tí kò dúró de èsì lọ, nítorí ó ṣì ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ.

Máàkì A-level náà kì í kú sí ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Lóòótọ́, PwC, ilé-iṣẹ́ ìṣirò owó ńlá, ní 2015 dáwọ́ dúró láti máa fi í ṣa àwọn tó ń wá iṣẹ́ níbi tó pọ̀ jù lọ nínú ètò ìgbanisíṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ amòfin ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù wà tó ṣì ń béèrè rẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ kúrò ní yunifásítì kan lọ sí òmíràn lẹ́yìn ọdún kìn-ín-ní náà á rí i pé wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Owó àti ìwé ìgbélùú

Nípa owó, ìyàtọ̀ kò sí. Yálà lẹ́tà dúró de èsì tàbí kò dúró, owó ilé-ìwé tó pọ̀ jù tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ yìí ní Ẹ́ńgláǹdì jẹ́ £9,535 fún ọdún ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2025. Ẹ̀yáwó tí àwọn ọmọ tó wọlé láti oṣù kẹjọ 2023 ń gbà, wọ́n á máa san ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá lé ní £25,000 lọ́dún padà, fún ogójì ọdún tí gbèsè kò bá tíì tán.

Ohun tó máa ń já àwọn ìdílé wa kulẹ̀ ni pé lẹ́tà ìgbàwọlé kì í ṣe ìwé ẹ̀yáwó. Ọmọ tó dàgbà síbí tí kò tíì ní ìwé ìgbélùú títí ayé lè gba àyè tí kò dúró de èsì, kó sì rí i pé ìjọba kò ní yá a lówó. Lẹ́yìn ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní 2015 nínú ẹjọ́ Beaurish Tigere, wọ́n ṣe òfin tuntun. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 tó ti gbé níbí fún ọdún méje, tàbí ẹni tó ti pé ọdún 18 tó ti lo ìdajì ayé rẹ̀ tàbí ogún ọdún níbí, lè béèrè, tó bá ti ní ìwé tó bófin mu fún ọdún mẹ́ta kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ yẹ èyí wò ṣáájú ọdún tí ọmọ máa kọ fọ́ọ̀mù.

Ẹ̀yin òbí tó wà ní Nàìjíríà, tí ẹ fẹ́ rán ọmọ wá, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀. Fún yín, ó gbọ́dọ̀ di àyè tí kò dúró de èsì kí yunifásítì tó lè fún ọmọ ní CAS, ìyẹn ìwé ìjẹ́rìí ìgbàwọlé tí ó máa fi béèrè físà. Owó ìdánilójú ni wọ́n sì sábà máa ń gbà ṣáájú. Owó gbígbé gbọ́dọ̀ ti wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 láìdín. Ẹ má ṣe kà á sí ojúure pàtàkì. Ìpele kan lójú ọ̀nà ni.

Irú ọmọ wo ló bá mu?

Tí àyè tí kò dúró de èsì bá jẹ́ fún ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ jù, níbi tó fẹ́ jù, kó gbà á, kí ẹ sì dúpẹ́. Kò sí ìdí láti máa wá wàhálà. Kí ẹ kàn jókòó bá a sọ̀rọ̀ pé ìdánwò oṣù karùn-ún ṣì wà.

Tí àìsàn ń bá ọmọ fínra, bóyá ti ara bí àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde tó wọ́pọ̀ láàárín wa, bóyá ti ọkàn, kó fi í sí ipò kìn-ín-ní láìbojúwẹ̀yìn. Èmi kò gbà pẹ̀lú òbí tó ń sọ pé ìyẹn jẹ́ ọ̀lẹ. Ọmọ tí ìrora lè gbé lọ sí ọsíbítù lọ́jọ́ ìdánwò kò yẹ kó fi ọdún kan ayé rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Tí ọmọ bá le koko, tó sì mọ ibi tó ń lọ, kó fi ibi tó wù ú ṣe àkọ́kọ́. Tó bá sì jẹ́ irú ọmọ tí kì í ṣiṣẹ́ àfi tí nǹkan bá ń lé e, ẹ̀yin lẹ mọ ọmọ yín, ẹ má jẹ́ kí àyè tó ti dájú di ipò kìn-ín-ní.

Kí ó tó fèsì, ẹ pe yunifásítì tó kọ lẹ́tà náà. Ẹ bi wọ́n bóyá àyè náà á dúró ní ipò kejì, bóyá yàrá wà fún ẹni tó bá ti ipò kejì wọlé, àti bóyá àyẹ̀wò ìlera tàbí ìwé ẹ̀rí pé kì í ṣe ọ̀daràn wà tí ọmọ ṣì gbọ́dọ̀ ṣe, nítorí àwọn ẹ̀kọ́ bíi nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ olùkọ́ ń béèrè ìyẹn lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni kó wà lórí fóònù, kí ẹ̀yin jókòó tì í, torí orúkọ rẹ̀ ló wà lórí fọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọjọ́ ìdáhùn tí UCAS kọ sí ojú ewé rẹ̀. Tí ọjọ́ náà bá kọjá láìsí ìdáhùn, UCAS á fagi lé gbogbo àyè náà, títí kan èyí tí kò dúró de èsì.